Ẹ wọn motorhome yín ná kí ẹ tó ra sat nav

Ọdún tí a kọ́kọ́ ra motorhome wa, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ilé sí nínú, a kó àwọn ọmọ sẹ́yìn, a kó ìkòkò, a kó ìrẹsì, a kó kúlà, a gbéra láti Peckham ní London, campsite kan, ibi tí wọ́n ti ń pàgọ́, ní Essex là ń lọ. Mo kàn tẹ postcode sínú máàpù orí fóònù mi bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ tí mo bá ń lọ sóde àríyá, ó ní kí n yà sósì, mo yà, ó ní kí n máa lọ tààrà, mo ń lọ, àfi bí mo ṣe dé Rotherhithe tí mo rí pátákó tí wọ́n gbé síbẹ̀. Tọ́nẹ́ẹ̀lì tó wà níwájú mi yẹn, ọkọ̀ tó bá ga ju mítà 2 lọ ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, èyí tó bá fẹ̀ ju mítà 2 lọ náà ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Tiwa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mítà 3. Bàbá àwọn ọmọ mi bọ́ sílẹ̀, ó lọ ń dá àwọn mọ́tò ẹ̀yìn dúró, èmi ń rívásì, hóònù ń dún lọ́tùn-ún lósì, àbíkẹ́yìn mi ń sunkún lẹ́yìn. Nǹkan kan ò bàjẹ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gbọ̀n títí a fi débi tí à ń lọ.

Mo wá jókòó rò ó, mo rí i pé máàpù yẹn ò tàn mí jẹ, ọ̀nà mọ́tò kékeré ló fi hàn mí torí kò mọ̀ pé nǹkan míì ni mo ń wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé sat nav, ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà, wo ni kí òun rà pé kì í ṣe máàpù lẹ ń wá o, máàpù pọ̀ nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ẹ̀ ń wá ni nǹkan tó máa mọ bí ọkọ̀ yín ṣe ga tó, bó ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe gùn tó àti bó ṣe wúwo tó, tó sì máa fi ìyẹn yan ọ̀nà. Èyí tí kò bá ti síbi tí ẹ ti lè tẹ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn sí nínú sẹ́tíńgì ẹ̀, bó ti wù kó dára tó, ẹ má fi ṣe olórí.

Nítorí náà, tépù ni ẹ máa kọ́kọ́ rà. Ẹ má gbára lé ìwé tí wọ́n fi ta ọkọ̀ fún yín rárá. Ìwé tiwa ní mítà 2.86, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọkọ̀ yẹn kó tó dọwọ́ wa ti lọ gbé eríà tẹlifíṣọ̀n sórí ẹ̀, ìgbà tí a gbé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan lé orí ohun tó ga jù lórí òrùlé, tí a mú un kó gbọọrọ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a wá fi tépù wọ̀n láti abẹ́ pákó yẹn dé ilẹ̀, 2.95 la bá. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe é, ẹni méjì ló ń ṣe é, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí táyà kún dáadáa. Lẹ́yìn náà ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 10 kún un kí ọkàn yín lè balẹ̀, èmi tẹ 3.05 sínú tèmi. Ó ní ìdí tí mo fi fẹ́ràn 3.05 yẹn, torí fíìtì 10 géérégé ni, pátákó bíríìjì ní Britain sì ṣì ń kọ fíìtì àti íńṣì, àwọn kan kọ mítà mọ́ ọn, àwọn àtijọ́ ò kọ ọ́. Ẹ kọ méjèèjì sórí páálí kékeré kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹ ti ń dí oòrùn lójú níwájú dírẹ́bà. Tí bíríìjì bá yọ sí yín lójijì, ẹ ò ní ráyè máa sọ mítà di fíìtì lórí.

Fífẹ̀ ló máa ń dá àwọn èèyàn lójú jù, òun ló sì ń kó wọn sí wàhálà. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé, ara ọkọ̀ nìkan ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n, wọn ò ka dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn. Ẹ wọ̀n ọ́n láti etí dígí kan dé etí ìkejì. Àdúgbò pọ̀ ní London àti káàkiri àwọn ìlú tó yí i ká tí wọ́n ti ri òpó irin méjì mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ ńlá má bàa gba ibẹ̀, fíìtì 7 tàbí fíìtì 6 àti íńṣì 6 ni wọ́n máa ń fi àyè sílẹ̀ mọ, motorhome tó fẹ̀ tó mítà 2.3 láìka dígí ò lè kọjá níbẹ̀ láéláé. Gígùn, ẹ ka ibi tí ẹ ń so kẹ̀kẹ́ mọ́ lẹ́yìn kún un.

Ìwúwo ńkọ́? Ẹ wo páálí irin tó wà lára ọkọ̀, ó sábà máa ń wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí lẹ́nu ọ̀nà, nọ́ńbà tó pọ̀ jù tí wọ́n gbà á láyè láti wúwo dé ló wà níbẹ̀, òun ni kí ẹ tẹ̀. Púpọ̀ nínú motorhome tí wọ́n ń tà níbí, kílò 3,500 ni wọ́n fi mọ, ìdí kan sì wà tó yẹ kí àwa tí a wá láti ilé mọ̀: ẹni tó bá yege ìdánwò ọkọ̀ níbí láti January 1, 1997 títí di ìsinsìnyí, 3,500 yẹn ni láísẹ́ńsì lásán gbà á láyè láti wà. Àwọn tó yege ṣáájú ọjọ́ yẹn lè wà tó 7,500. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó náwó sórí ọkọ̀ gan-an, ká má tíì sọ ti sat nav.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ohun tó wà lọ́jà.

Google Maps, Waze àti Apple Maps kọ́kọ́ dúró ná. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n, mo sì fẹ́ràn wọn, kò sẹ́ni tó ń mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bíi tiwọn torí fóònù àwọn èèyàn tó wà lójú ọ̀nà ló ń ròyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n kò síbi tí ẹ ti lè sọ fún Google Maps pé ọkọ̀ yín ga tó mítà 3, Waze náà, mọ́tò, táksí, ọ̀kadà ló mọ̀, kò mọ motorhome. Tó bá jẹ́ kámpà kékeré lẹ ní, irú VW California tí ò ju mítà 2 lọ nígbà tí òrùlé ẹ̀ bá wà nílẹ̀, ẹ lè máa fi wọ́n lọ síbi tó pọ̀ láìséwu, ẹ kàn máa wojú pátákó (ẹ ṣì má wọ Rotherhithe o tí kẹ̀kẹ́ bá ti wà lórí òrùlé, ẹ ti kọjá mítà 2 nìyẹn). Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì Ducato tí wọ́n sọ di ilé ni, ìyẹn ti ga tó mítà 2.5 sókè, ó ti kọjá ibẹ̀ yẹn. Èyí tí wọ́n kọ́ ilé lé lórí látẹ̀yìn bíi tiwa, tó ń ga tó 2.8 sí 3.1, ẹ má fi ẹ̀mí ara yín àti ọmọ yín wéwu, Google Maps nìkan ò tó.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: ìlú Ely wà ní Cambridgeshire, ọ̀nà kan gba abẹ́ rélùwéè lọ níbẹ̀ nítòsí stéṣọ̀n, fíìtì 9 péré ni gíga ẹ̀, mítà 2.7 nìyẹn, ó wà lára àwọn bíríìjì tí ọkọ̀ ti kọlù jù ní gbogbo Britain. Wọ́n ti ṣe ọ̀nà míì tó yí i ká láti 2018 ṣùgbọ́n abẹ́ bíríìjì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ga ní 2.95 tó bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú eré, òrùlé ẹ̀ lọ nìyẹn.

Àwọn app tó mọ gíga ọkọ̀ wà, orí fóònù tàbí tablet yín náà ni ẹ ó dáúnlóòdù wọn sí. CoPilot wà, Sygic ní ti lọ́rì àti káràfáànì, ẹ ó máa san owó ọdọọdún fún wọn ni, ó sì dínwó gan-an sí kí èèyàn lọ ra odidi ẹ̀rọ. OsmAnd náà wà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó gbà kí ẹ tẹ gíga, fífẹ̀, gígùn àti ìwúwo, máàpù OpenStreetMap tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ń yà ló ń lò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa ìyẹn ni pé bí ẹnì kan bá ti kọ gíga bíríìjì kan sínú máàpù yẹn, ó máa yẹra fún un, bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì kọ ọ́, kò ní mọ̀ pé ó wà. Mo máa ń kọ tèmi sí i tí mo bá dé ibi tó ṣófo, kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ìṣòro app ò sí lára app, ara fóònù ló wà. Oòrùn máa ń gba inú dígí iwájú wọlé, fóònù gbóná, ó paná fúnra ẹ̀ níbi tí ẹ ti fẹ́ mọ kọ́nà tí ẹ máa yà. Ìyá pè láti ilé, orúkọ màmá bo gbogbo ojú máàpù mọ́lẹ̀ ní àárín ràùndábáòtù. Tí ẹ bá máa lo app, ẹ wá tablet tàbí fóònù àtijọ́ kan tí ẹ ò fi pe ẹnikẹ́ni mọ́, kí ìyẹn máa jẹ́ ti ọkọ̀, kí ṣájà máa wà lára ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kí ẹ sì gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ AC ti ń fẹ́ sí i.

Èmi, ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún motorhome ni mo padà rà. Garmin ní èyí tí wọ́n ń pè ní Camper, TomTom ní GO Camper, owó wọn máa ń lé ní £300, kì í ṣe owó kékeré, mo mọ̀. Ohun tí ẹ ń san owó fún ni pé máàpù ti wà nínú ẹ̀ tán láìlo dátà, kò ní gbóná kú, kò sẹ́ni tó máa pè é, ó sì ń kìlọ̀ ṣáájú fún òkè tó ga àti kọ́nà tó há. Àwọn campsite náà ti wà nínú ẹ̀.

Nípa skírínì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan yín pé íńṣì 7 ti tóbi jù. Ẹ lọ jókòó sínú Ducato kí ẹ na ọwọ́ yín sí dígí iwájú, ọwọ́ yín ò ní kàn án! Dígí yẹn jìnnà, ó sì dà sẹ́yìn, ẹ̀rọ tó dà bí ńlá lọ́wọ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù máa di kékeré tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Garmin Camper 795 jẹ́ íńṣì 7, 895 jẹ́ 8, 1095 jẹ́ 10. Èyí tó jẹ́ 10 yẹn ti ń dí mi lójú, 8 ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ibi tí ẹ máa gbé e sí ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi lọ o, ẹ wá àpá tí wọ́n ń dè mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kó súnmọ́ yín, kó má dí ojú ọ̀nà.

Àwọn kan máa ní kí ẹ kúkú ra ti tírélà. Ẹ má rà á. Sat nav tírélà mọ gíga lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin tírélà ló ń tẹ̀lé, ó máa lé yín kúrò ní ọ̀nà tó jẹ́ tiyín. Ẹ ṣe é báyìí kí ó yé yín: pátákó roboto tí pupa yí ká, tí wọ́n ya lọ́rì sí tí wọ́n kọ 7.5T sí i lára, ọkọ̀ akẹ́rù nìkan ló ń bá wí, motorhome kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí láìya lọ́rì, tí wọ́n kọ Weak Bridge sábẹ́ ẹ̀, gbogbo ọkọ̀ ni ìyẹn ń bá wí, ti pé bíríìjì ò lágbára ni, bí ẹ bá wúwo ju nọ́ńbà yẹn lọ, ẹ yí padà. Sat nav kámpà tó dára mọ ìyàtọ̀ méjèèjì.

Bí ẹ bá ti rà á, tàbí tí ẹ ti dáúnlóòdù app, ẹ má tíì gbéra. Ẹ jókòó nínú pálọ̀ kí ẹ dán an wò. Ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín sínú ẹ̀, kí ẹ wá ní kó mú yín láti stéṣọ̀n Rotherhithe lọ sí stéṣọ̀n Limehouse. Tó bá gba inú tọ́nẹ́ẹ̀lì yẹn kọjá, ẹ mọ̀ pé kò tíì ka gíga yín, bóyá ó ṣì wà lórí mọ́tò. Tó bá yí gba ibòmíì, ó gbọ́ nìyẹn. Ẹ tún ṣe irú ẹ̀ pẹ̀lú bíríìjì kan tí ẹ mọ̀ ládùúgbò yín. Ìdánwò yìí ló fi hàn mí lẹ́ẹ̀kan pé app kan tí mo sanwó fún ti pa gbogbo nọ́ńbà mi rẹ́ lẹ́yìn tó ṣe update, ká ní mi ò dán an wò ni, ojú ọ̀nà ni mi ò bá ti mọ̀. Ẹ tún máa wò ó lẹ́yìn gbogbo update. Update fúnra ẹ̀, ilé ni kí ẹ ti ṣe é pẹ̀lú Wi-Fi, ó kù bí ọjọ́ méjì kí ẹ lọ, ó ń gba wákàtí.

Nǹkan míì tí sat nav lè máa tan yín sí ni eré. Iye tó ń kọ sójú ẹ̀ lè jẹ́ ti mọ́tò kékeré. Motorhome tí ìwúwo ẹ̀ lófìfo bá ju tọ́ọ̀nù 3.05 lọ, máìlì 50 ló mọ lójú ọ̀nà tí kò ní àlà láàárín, 60 lórí dual carriageway, ìyẹn èyí tó ní àlà láàárín, ìgbà tí ẹ bá dé motorway lẹ tó lè sá 70. Wales náà ti sọ ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà àárín ìlú di máìlì 20 láti September 17, 2023, máàpù tó bá ti pẹ́ ò mọ ìyẹn.

Ti owó ojú ọ̀nà ńkọ́, ẹ má retí pé sat nav máa san án fún yín, ó lè má tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀. ULEZ, owó tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ tí èéfín ẹ̀ pọ̀, ti gba gbogbo London pátá láti August 29, 2023, £12.50 lóòjọ́ tí ọkọ̀ yín ò bá bá òfin mu, dísù àtijọ́ sì ni ọ̀pọ̀ motorhome ń lò. Ọkọ̀ tó bá ju tọ́ọ̀nù 3.5 lọ, òfin LEZ, èyí tó jẹ́ ti ọkọ̀ ńlá, ló mú un, owó ìyẹn wọ́n ju èyí lọ dáadáa. Tọ́nẹ́ẹ̀lì Blackwall àti Silvertown tó gba abẹ́ odò Thames ti di sísan láti April 7, 2025. Dartford, ibi tí wọ́n ti ń sọdá odò Thames lápá ìlà oòrùn London, kí aago 12 òru ọjọ́ kejì tó lù lẹ gbọ́dọ̀ ti san án. Ẹ tẹ nọ́ńbà plate ọkọ̀ yín sórí wẹ́ẹ̀bù TfL, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní London, kí ẹ mọ̀ bóyá ẹ máa san ti London.

Bí ẹ bá máa sọdá lọ sí Yúróòpù, ẹ wá ibi tí ìkìlọ̀ kámẹ́rà eré wà nínú ẹ̀rọ yín kí ẹ pa á. France ò gbà á, Jámánì ò gbà kí dírẹ́bà lò ó, Switzerland le jù wọ́n lọ.

Bí èèyàn ṣe ń dé inú campsite gan-an wá ni ibi tí mo ti rí i tí àwọn èèyàn ti há jù. Postcode dára ní ìlú, ní ìgbèríko ó lè kó oko mẹ́ta mẹ́rin pọ̀, ó máa mú yín dé ẹnu géètì olóko kan tí kò mọ nǹkan kan nípa yín, ọ̀nà há, igi fi apá na òrùlé, kò síbi tí ẹ ti máa yí. Ẹ lo nọ́ńbà coordinate, èyí tó ń tọ́ka sí ojú ibi náà gan-an, tí campsite kọ sórí wẹ́ẹ̀bù wọn, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nípa ọ̀nà, púpọ̀ nínú wọn ti kọ ọ́ kedere pé tí ẹ bá dé abúlé báyìí, ẹ má tẹ̀lé sat nav mọ́. Abèèrè kì í ṣìnà, ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ sọ gígùn àti gíga ọkọ̀ yín fún wọn, wọ́n máa sọ ọ̀nà tí àwọn míì ń gbà.

Kí ẹ sì máa fojú ara yín wo gbogbo ọ̀nà tó bá yàn kí ẹ tó tẹ Go. Nọ́ńbà nìkan ò sọ gbogbo ẹ̀. Hardknott Pass ní Cumbria, kò sí bíríìjì tó máa kan orí yín níbẹ̀, ṣùgbọ́n òkè ibẹ̀ dà tó 1 nínú 3, ìyẹn mítà 3 síwájú, mítà 1 sókè, ó há, ó wọ́. Bealach na Bà tó lọ sí Applecross ní Scotland gun òkè tó mítà 626, pátákó sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tó ní kí ọkọ̀ ńlá má gba ibẹ̀. Sat nav tí ẹ sẹ́tì sí "ọ̀nà tó yá jù" lè rí i pé ó kúrú, kó ní ẹ jẹ́ ká lọ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, tí pátákó bá sọ ọ̀kan tí ẹ̀rọ sọ ìkejì, pátákó lẹ máa tẹ̀lé.

Ní irú òkè bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í sí network. GPS fúnra ẹ̀ ò lo dátà, ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ló ti ń gba ìròyìn, máàpù ló ń lo dátà. Tí máàpù bá ti wà nínú fóònù tán kí ẹ tó kúrò nílé, ó máa ṣiṣẹ́ níbikíbi. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ máa rí àmì búlúù kan lórí ojú funfun.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Láísẹ́ńsì ilé, oṣù 12 lẹ lè fi wà á níbí, lẹ́yìn ìyẹn ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò tibí, tí ẹ bá wá yege, dírẹ́bà tuntun ni wọ́n ń kà yín sí fún ọdún méjì. Fóònù lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ń wakọ̀, £200 àti points 6 (àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sára láísẹ́ńsì) ni, láti March 2022 wọ́n ti mú un le, kó jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ sún máàpù sẹ́yìn ni. Dírẹ́bà tuntun tó bá gba points 6, láísẹ́ńsì lọ nìyẹn, ẹ ó tún ìdánwò ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó sítáàtì, kí fóònù wà lára àpá ẹ̀. Tí nǹkan bá yí padà, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló máa tẹ̀ ẹ́, tàbí kí ẹ páàkì.

Báyìí la ṣe ń ṣe é nínú tiwa: ẹ̀rọ íńṣì 8 yẹn ló ń júwe ọ̀nà, Google Maps wà lọ́wọ́ bàbá àwọn ọmọ mi kó lè máa sọ ibi tí gó-síló ti pọ̀ fún mi. Tí Google bá ní kí a yà síbì kan, bàbá àwọn ọmọ mi máa fi sínú ẹ̀rọ yẹn, kí ẹ̀rọ gbà á wọlé ná kí n tó yà. Ọmọ mi àgbà ló ń ka gíga bíríìjì sókè láti ẹ̀yìn, ó ti mọ̀ pé fíìtì 10 ni tiwa.

Tí ẹ bá sì páàkì lálẹ́, ẹ yọ ẹ̀rọ náà kúrò lójú dígí kí ẹ gbé e wọlé, kí ẹ fi àkísà nu ojú ibi tó lẹ̀ mọ́, torí àmì roboto yẹn ni àwọn olè máa ń wò.